Mo ti pa ètò náà, àmọ́ pọ́ọ̀tù 5023 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀

Olùtọ́pa_Ọkọ̀ · Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi.

A ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń lo Ubuntu nínú ọ́fíìsì gáréèjì wa. Ètò Python kan wà lórí rẹ̀ tó ń gba ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ tracker inú bọ́ọ̀sì wa, àwọn tó ń ná Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù àti àwọn tó ń wọ Èkó. Tracker kọ̀ọ̀kan á pe pọ́ọ̀tù 5023, ìyẹn nọ́ńbà ilẹ̀kùn tí ètò náà ń gbà gbọ́ ọ̀rọ̀, á máa fi ibi tí ọkọ̀ wà ránṣẹ́, kò sì ní í já ìlà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyẹn ń lọ geere.

Ìgbà tí mo bá fẹ́ dá a dúró kí n sì tún un gbé dìde ni wàhálà ń dé. Màá yí nǹkan díẹ̀ nínú kóòdù, màá tẹ Ctrl+C, màá tún un bẹ̀rẹ̀, ó di:

```
OSError: [Errno 98] Address already in use
```

Nígbà mìíràn, tí mo bá ní sùúrù díẹ̀, á gbà. Nígbà mìíràn kò ní í gbà rárá, àfi kí n pa kọ̀ǹpútà kí n tún tàn án. Ojúde Ọba ń bọ̀, ọkọ̀ á pọ̀ lójú ọ̀nà ju bó ṣe wà yìí lọ, mi ò lè máa pa ẹ̀rọ torí ìlà kóòdù kan. Mo gé kóòdù náà kúrú, òun rèé:

```
s = socket.socket()
s.bind(("", 5023))
s.listen()
while True:
    c, a = s.accept()
    threading.Thread(target=gba, args=(c,)).start()
```

Kí ló kù tí mi ò ṣe?

---

Kíákíá_9 · Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọ̀rọ̀ kékeré. Fi `kill -9` pa á, kó o sì fi SO_REUSEPORT sí i kó o tó ṣe bind, ibi tí ètò ti ń gba pọ́ọ̀tù. Ó tán. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn.

---

ÌyáLinux · Ìkẹ́nnẹ́

Kíákíá, rọra. O ò tíì béèrè ẹni tó di pọ́ọ̀tù náà mú, o ti ní kí wọ́n pa á.

Olùtọ́pa, àbúrò mi, ibi tó o ti sọ pé nígbà mìíràn ó gbà, nígbà mìíràn kò gbà, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Errno 98 kan náà ni Linux máa ń kọ fún méjèèjì. Lórí Mac, 48 ni. Lórí Windows, 10048. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, má fọwọ́ kan bọ́tìnnì iná. Kọ nǹkan mẹ́ta yìí, kó o wá kó èsì wọn síbí:

```
sudo ss -ltnp 'sport = :5023'
ss -tan state time-wait 'sport = :5023'
jobs
```

Má gbàgbé sudo ìlà àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ni ètò náà fi ń ṣiṣẹ́, láìsí sudo wàá rí pọ́ọ̀tù, o ò ní í rí ẹni tó ni ín.

---

Kíákíá_9 · Ìjẹ̀bú-Igbó

Àwọn àgbà Rẹ́mọ ti gbé ìwádìí dé 😄 Mo jókòó, mo ń wò.

---

Olùtọ́pa_Ọkọ̀ · Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣé mà. Ó tún ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí, mi ò sì pa ẹ̀rọ. Èsì rèé:

```
LISTEN 3  128  0.0.0.0:5023  0.0.0.0:*  users:(("python3",pid=4127,fd=3))

[1]+  Stopped                 python3 gba.py
```

Ti time-wait kò mú nǹkan kan wá. Ohun tí mi ò sọ lẹ́ẹ̀kan ni pé nígbà tí mo tẹ Ctrl+C, ó kọ KeyboardInterrupt lóòótọ́, àmọ́ terminal kò padà sọ́wọ́ mi. Ńṣe ló dúró síbẹ̀ tó ń wò mí. Ctrl+Z ni mo tẹ̀ kó tó padà.

---

ÌyáLinux · Ìkẹ́nnẹ́

Ó ti hàn. Ètò rẹ kò kú.

Ctrl+Z kì í pa nǹkan. Àmì (signal) SIGTSTP ló ń fi ránṣẹ́, ìyẹn á sì mú kí ètò dákẹ́ síbi tó bá wà, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Pọ́ọ̀tù rẹ wà lára ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ `fg`, wàá rí i pé á jí, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Kí ló wá dé tí Ctrl+C kò fi pa á? Thread ni ọ̀nà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò. Thread àkọ́kọ́ nìkan ni Python ń jíṣẹ́ Ctrl+C fún, èyí tó wà nídìí `accept` tó ń dúró gba àlejò. Ìyẹn kú. Àmọ́ àwọn thread tó o ṣí fún tracker kì í ṣe daemon (irú èyí tí Python lè jáde láìdúró dè), Python kò sì ní í jáde títí gbogbo wọn á fi parí iṣẹ́. O sì ti fẹnu ara rẹ sọ pé tracker kì í já ìlà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nítorí náà ètò rẹ jókòó, ó ń dúró de alẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, `s` ṣì ṣí, torí kò sẹ́ni tó pa á.

Wá wo 3 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ LISTEN yẹn. Lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì (ẹnu ọ̀nà tí ètò ṣí) tó ń dúró de àlejò, iye àwọn tí kernel, ọkàn Linux fúnra rẹ̀, ti gbà wọlé tí ètò kò tíì wá pè nìyẹn. Tracker mẹ́ta ti pe sáfà rẹ, kernel ti dá wọn lóhùn, wọ́n gbà pé àwọn ti wọlé, wọ́n ń sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́. Ọkọ̀ mẹ́ta nìyẹn tí kò ní í hàn lórí máàpù, láìsí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú lọ́ọ̀gì ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, èyí burú ju Errno 98 lọ. Errno 98 ṣáà ń pariwo.

---

Olùtọ́pa_Ọkọ̀ · Ìjẹ̀bú-Òde

Yéè! Ọ̀gá wa mà ti fẹ̀sùn kan dírẹ́bà kan pé ńṣe ló ń yọ wáyà tracker kó lè gbé èrò ẹ̀yìn ọ̀nà. Ó ti búra títí. Mo ní láti lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lónìí.

Èyí tó máa ń gbà tí mo bá dúró díẹ̀ wá ńkọ́, mà?

---

ÌyáLinux · Ìkẹ́nnẹ́

Lọ bá a sọ̀rọ̀, jàre, kí wọ́n dá owó ọlọ́wọ́ padà tí wọ́n bá ti gé e.

Ìkejì yẹn, TIME_WAIT ni: ìlà ti parí, àmọ́ wọ́n ṣì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa ìlà ló máa ń ru ú. Tó bá jẹ́ tracker ló kọ́kọ́ dágbére, ọ̀dọ̀ tracker ni TIME_WAIT á wà, kò ní í kan pọ́ọ̀tù tìrẹ. Àmọ́ tó o bá pa ètò nígbà tí tracker ṣì wà lórí ìlà, kernel tìrẹ ló kọ́kọ́ fi FIN, ọ̀rọ̀ ìdágbére, ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ ló máa wà. Ètò ti kú, kò sí ní `ps` mọ́, `ss -ltnp` kò ní í rí nǹkan kan. Kernel fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà.

Kí ló ń tọ́jú ẹ̀ fún? Ohun méjì. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó fi sọ pé òun ti gbọ́ ìdágbére lè sọnù lọ́nà, kí ẹnìkejì sì tún un béèrè. Ó yẹ kí ẹnì kan wà nílé tó máa dáhùn. Èkejì ni pé ẹrù tó pẹ́ lọ́nà ṣì lè dé. Ayálégbé ti kó jáde, àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ ṣì ń bọ̀. Tí onílé bá gbé yàrá fún ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀, ẹni tuntun á ṣí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀.

RFC 793, ìwé ìlànà TCP tí àwọn ìlà wọ̀nyí ń tẹ̀ lé, tó jáde ní 1981, gbà pé ẹrù kan lè rìn kiri lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ìṣẹ́jú 2, ó sì ní kí a dúró ní ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú 4. Linux kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀: ìṣẹ́jú-àáyá 60 ni tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbà tó o bá dúró díẹ̀.

Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀. Oríṣiríṣi ojú-ewé ló wà tó ní kẹ́ ẹ lọ dín `tcp_fin_timeout` kù kí TIME_WAIT lè yára lọ. FIN_WAIT_2, ìpele ìdágbére mìíràn, ni nọ́ńbà yẹn ń bá wí. 60 ti TIME_WAIT wà nínú kóòdù kernel gan-an, kò sí ibi tẹ́ ẹ ti lè fọwọ́ yí i láti ìta. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ ni ìlà yìí, ṣáájú `bind`, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀:

```
s.setsockopt(socket.SOL_SOCKET, socket.SO_REUSEADDR, 1)
```

Ohun tó ń sọ fún kernel ni pé tó bá jẹ́ ìlà tó ti kú nìkan ló kù lórí pọ́ọ̀tù yìí, kó jẹ́ kí n wọlé. Kò ní í gba pọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ẹni tó ṣì wà ní LISTEN. Nítorí náà, ká ní o ti fi sí i tẹ́lẹ̀, kò bá má ran ọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Ohun kan tún wà: ìgbà àkọ́kọ́ tó o bá fi sí i, ó ṣì lè kọ̀, torí ọ̀dọ̀ ètò àtijọ́ tí kò ní ìlà náà ni àwọn tó wà ní TIME_WAIT ti wá. Dúró kí wọ́n lọ. Láti ìgbà náà lọ, kò ní í yọ ọ́ lẹ́nu.

---

Kíákíá_9 · Ìjẹ̀bú-Igbó

Ó dáa. Kí ló wá burú nínú REUSEPORT tèmi?

---

ọmọ_Sábó · Ṣàgámù

Ẹ jẹ́ n gba èyí ṣe, mà.

REUSEPORT wọ Linux ní 3.9, lọ́dún 2013. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ni kí ètò púpọ̀ lè jọ dúró lórí pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo, kí kernel máa pín àlejò fún wọn. Iṣẹ́ gidi nìyẹn fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Àmọ́ wo ohun tó máa ṣe fún Olùtọ́pa: ètò àná ṣì wà nílẹ̀ tó dákẹ́ lẹ́yìn Ctrl+Z, tòní tún dìde, kò sí Errno 98, inú rẹ̀ dùn. Kernel á wá máa pín tracker láàárín alààyè àti ẹni tó dákẹ́. Apá kan ọkọ̀ á hàn, apá kan kò ní í hàn, yóò sì máa yí padà bí wọ́n bá ṣe ń tún pe. Ẹ wá wá ìdí ẹ̀ rí. Ìkìlọ̀ tí kernel fẹ́ ṣe fún ọ lo fọwọ́ bò lẹ́nu.

---

Kíákíá_9 · Ìjẹ̀bú-Igbó

Ó yé mi. Àmọ́ lórí `kill -9`, ẹ má bá mi jà o. Bí ètò bá kú, bó ti wù kó kú, kernel á pa gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún un. Àbí irọ́ ni?

---

ọmọ_Sábó · Ṣàgámù

Òótọ́ ni, mo gbà fún ọ. Fáìlì yòówù, sọ́kẹ́ẹ̀tì yòówù, kernel á gbà á padà, ìbáà jẹ́ -9. Ohun tí -9 kò fún ètò láyè láti ṣe ni kó parí ohun tó ń kọ lọ́wọ́. Tí tracker bá ti fi ibi tó wà ránṣẹ́, tí ètò sì ti kà á àmọ́ tí kò tíì kọ ọ́ sínú database, ìyẹn ti lọ nìyẹn.

Ibì kan sì wà tí -9 kì í tú pọ́ọ̀tù sílẹ̀, tí ó sì máa ń ya ènìyàn ní wèrè. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a ní ètò C kan tó ń gba nọ́ńbà láti orí ẹ̀rọ tó ń wọn ẹrù inú tírélà. Lálaalẹ́, ètò náà á ṣe `fork`, á sì gbé script kan dìde tó máa ń di fáìlì ọjọ́ náà pọ̀. A pa ètò, a fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀, Errno 98. `ps` kò rí ètò. Ọ̀gá mi ti ń sọ pé kernel ló bàjẹ́. Mo kọ `ss -ltnp`, ohun tó wà níbẹ̀ ni:

```
users:(("gzip",pid=20318,fd=3))
```

gzip! Ta ló rí gzip tó ń dúró de tírélà rí? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí `fork` bá bí ọmọ, gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ bàbá ni ọmọ á jogún, títí kan fd 3 (nọ́ńbà ohun tí ètò ṣí) tí í ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ọmọ bá sì yí padà di gzip, ogún náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá kú, ọmọ kò mọ ohun tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́, pọ́ọ̀tù wà ní LISTEN. Ó parí fáìlì ńlá náà kí pọ́ọ̀tù tó sílẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a fi SOCK_CLOEXEC sí i nígbà tí a bá ń dá sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí kernel lè pa á bí ọmọ bá ń yí padà di ètò mìíràn. Ẹ̀yin oní-Python rọrùn: láti 3.4 ní 2014, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún `os.fork` àti multiprocessing tó ń lo fork. Níbẹ̀ ọmọ kò yí padà di ètò mìíràn, ogún náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ digbí.

---

Jáfáfá · Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Iṣẹ́ àṣeparí mi ní yunifásítì ni, Java ni mo fi ń ṣe é. Mo fi `running = false` sí i, àmọ́ `accept()` kò mọ̀ pé mo ti ní kó dúró. Ó jókòó tì.

---

ÌyáLinux · Ìkẹ́nnẹ́

Jáfáfá, `accept()` ń sùn, kò lè ka `running`. Àfi kí àlejò kan kàn wọlé kó tó jí. Ní Java, láti inú thread mìíràn, pa ServerSocket náà fúnra rẹ̀: `serverSocket.close()`. Lójú ẹsẹ̀ ni `accept()` á ju SocketException. Mú un, wò ó bóyá `running` ti di false; tó bá ti dà bẹ́ẹ̀, jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, má kọ ọ́ sí lọ́ọ̀gì bí àṣìṣe. Inú `Runtime.addShutdownHook` ni kó o fi close náà sí, kí Ctrl+C àti SIGTERM (àmì pé kí ètò dúró) lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Má gbé àṣà yìí lọ sínú C o. Lórí Linux, bí thread kan bá sùn sínú `accept`, tí òmíràn sì pe `close` lórí fd náà, ẹni tó sùn kò ní í jí, sọ́kẹ́ẹ̀tì á sì wà láàyè nísàlẹ̀ títí tí yóò fi jí. `shutdown(fd, SHUT_RDWR)` ló ń jí i. Kó o tó wá ṣe `close`.

---

Olùtọ́pa_Ọkọ̀ · Ìjẹ̀bú-Òde

Mà, mo ti fi SO_REUSEADDR sí i. Mo tún fi signal handler kan (kóòdù tó ń dáhùn àmì) sí i tó ń sọ `tan = True` nígbà tí SIGTERM bá dé, mo sì yí `while True` sí `while not tan`. Mo fi SIGTERM ránṣẹ́, handler ṣiṣẹ́, ó kọ ọ́ sójú terminal. Ètò kò jáde. Ìgbà tí tracker kan tún pè ló tó jáde nínú `while` yẹn.

---

ÌyáLinux · Ìkẹ́nnẹ́

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, láti Python 3.5. Tẹ́lẹ̀, bí signal bá dé, `accept` á já, á ju àṣìṣe. Láti ìgbà tí PEP 475, àtúnṣe Python kan, ti wọlé, bí handler rẹ kò bá ju exception kankan, Python á padà sínú `accept` bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ohun tó rọrùn jù ni kó o fún `accept` ní àkókò, kó máa jí wò ó bóyá ilé ti ń tú. Thread àwọn tracker náà gbọ́dọ̀ máa jí wò:

```
tan = threading.Event()
for n in (signal.SIGINT, signal.SIGTERM):
    signal.signal(n, lambda *_: tan.set())

def gba(c):
    with c:
        c.settimeout(5)
        while not tan.is_set():
            try:
                d = c.recv(1024)
            except socket.timeout:
                continue
            if not d:
                break
            pamo(d)

s = socket.socket()
s.setsockopt(socket.SOL_SOCKET, socket.SO_REUSEADDR, 1)
s.bind(("", 5023))
s.listen()
s.settimeout(1)
try:
    while not tan.is_set():
        try:
            c, a = s.accept()
        except socket.timeout:
            continue
        threading.Thread(target=gba, args=(c,)).start()
finally:
    s.close()
```

Wo bó ṣe tẹ̀ léra. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà ni a kọ́kọ́ pa, kí àlejò tuntun má bàa máa wọlé sínú ilé tó ń tú. Lẹ́yìn náà ni thread kọ̀ọ̀kan á parí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, `with c` á pa ìlà tirẹ̀, Python á sì jáde. Kò ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ, àfi tí `pamo` bá lọ́ra. Má fi daemon=True sí thread náà kó lè yára, torí ìyẹn á gé `pamo` láàárín.

`if not d: break` yẹn ni mo fẹ́ kó o tẹjú mọ́. Bí tracker bá já ìlà, `recv` á dá òfìfo padà. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò á máa yí lórí òfìfo, sọ́kẹ́ẹ̀tì á sì wà ní CLOSE_WAIT, ìyẹn ni pé òdìkejì ti dágbére, ìwọ kò tíì pa á. Bí `ss -tan` bá kún fún CLOSE_WAIT, má bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ètò rẹ ni kò pa ohun tó yẹ kó pa.

---

Olùtọ́pa_Ọkọ̀ · Ìjẹ̀bú-Òde

Ó ṣiṣẹ́! Ctrl+C, terminal padà, mo tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó gbà. Mo ti gbé e sábẹ́ systemd, tó ń bójú tó ètò lórí Linux, pẹ̀lú `Restart=always`. Ọ̀gá náà ti bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀, wọ́n ti parí ẹ̀.

---

ọmọ_Sábó · Ṣàgámù

O kú oríire. Fi `RestartSec=5` sí i. Tó o bá fi í sílẹ̀, 100 mílísẹ́kọ́ńdù péré ni systemd ń dúró kó tó tún gbé ètò dìde, bó bá sì ti gbé e dìde ní ìgbà 5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 tó ń ṣubú, á ní ó tó, á jọ̀wọ́ ẹ̀, á kọ "Start request repeated too quickly". Bí ohun kan bá di pọ́ọ̀tù náà mú fún ìgbà díẹ̀, wàá jí láàárọ̀ kó o bá sáfà tó ti kú lóru. Tó bá sì ń dá ètò dúró, SIGTERM ló kọ́kọ́ ń rán. Ìṣẹ́jú-àáyá 90 ló ń fún un kó tó fi SIGKILL (`kill -9` yẹn) lé e. O ní àyè tó.

---

Alájé_ÒkèAjé · Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mi ní ṣọ́ọ̀bù ò ní UPS. Bí iná bá lọ lójijì, ṣé pọ́ọ̀tù kò ní í há bẹ́ẹ̀ títí ayé?

---

ÌyáLinux · Ìkẹ́nnẹ́

Rárá, ẹ fọkàn balẹ̀. Inú mẹ́mọ́rì ni gbogbo àkọsílẹ̀ yìí wà. Iná lọ, ó lọ pẹ̀lú wọn. Bí ẹ̀rọ bá jí, kò sí LISTEN, kò sí TIME_WAIT. Ẹni tó ń jìyà ni ẹni tó wà ní òdìkejì, torí kò mọ̀ pé ẹ ti kú. Ìgbà tó bá tún sọ̀rọ̀, kernel yín tuntun á dá RST padà fún un pé òun kò mọ̀ ọ́n rí, á sì tún pè.

Olùtọ́pa, òdìkejì èyí ni kó o bẹ̀rù. Bọ́ọ̀sì wọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, síìmù já, tracker kò rí àyè dágbére. Sáfà rẹ á máa rí i bí ESTABLISHED, ìlà tó ṣì wà láàyè, lọ títí. Keepalive wà, tó máa ń kàn án wò bóyá òdìkejì ṣì wà, àmọ́ o gbọ́dọ̀ ṣí i fúnra rẹ, tó o bá sì ṣí i láìyí nǹkan kan, ìṣẹ́jú-àáyá 7200 ni Linux ń dúró kó tó kọ́kọ́ kàn án wò. Wákàtí méjì gbáko nìyẹn. Lẹ́yìn náà á kàn án wò ní ìgbà 9, ìṣẹ́jú-àáyá 75 láàárín wọn. Dín in kù lórí `c`:

```
c.setsockopt(socket.SOL_SOCKET, socket.SO_KEEPALIVE, 1)
c.setsockopt(socket.IPPROTO_TCP, socket.TCP_KEEPIDLE, 120)
c.setsockopt(socket.IPPROTO_TCP, socket.TCP_KEEPINTVL, 20)
c.setsockopt(socket.IPPROTO_TCP, socket.TCP_KEEPCNT, 4)
```

Tó bá ti rí i pé ó kú, láti Python 3.10, `recv` á ju socket.timeout mìíràn tí kernel fúnra rẹ̀ fà, `continue` rẹ á sì gbà á bí èyí tí a ti mọ̀. Kò séwu: ìgbà tí `recv` bá tún kà, òfìfo ló máa bá, á jáde.

---

Alájé_ÒkèAjé · Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun mà. Windows ni tèmi, fún ìtẹ̀wé rìsíìtì. `ss` kò sí níbẹ̀.

---

ọmọ_Sábó · Ṣàgámù

`netstat -ano | findstr :8090`, ẹ fi nọ́ńbà pọ́ọ̀tù tiyín rọ́pò 8090. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lórí ìlà náà ni PID, nọ́ńbà ètò tó di pọ́ọ̀tù mú. Ẹ wá PID yẹn nínú Task Manager kẹ́ ẹ tó pa ohunkóhun.

Ẹ má sì gbé SO_REUSEADDR wa lọ sí Windows o. Níbẹ̀, ohun mìíràn ni orúkọ náà ń ṣe: ó lè jẹ́ kí ètò mìíràn gba pọ́ọ̀tù mọ́ ẹni tó wà láàyè lọ́wọ́. SO_EXCLUSIVEADDRUSE ni kí ẹni tó kọ ètò yín lò.

---

Kíákíá_9 · Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìbéèrè tèmi náà rèé, kẹ́ ẹ má bàa ní n kì í béèrè. Pọ́ọ̀tù 40000 ni mò ń lò. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, Errno 98. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan! `ss -ltnp` kò rí ẹnì kankan níbẹ̀.

---

ÌyáLinux · Ìkẹ́nnẹ́

Yọ `-l` kúrò, kọ `sudo ss -tanp 'sport = :40000'`. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé wàá rí ètò mìíràn tó ń pe ìta láti 40000. Bí ètò kan bá ń pe íntánẹ́ẹ̀tì, kernel á fún un ní pọ́ọ̀tù láti inú 32768 sí 60999. 40000 wà láàárín wọn. Ọjọ́ tó bá bọ́ sí orí tìrẹ, ẹni yẹn ló ṣáájú rẹ débẹ̀, SO_REUSEADDR kò sì ní í gbà á fún ọ.

Sún sí ìsàlẹ̀ 32768. Tí àwọn oníbàárà rẹ bá ti mọ 40000 tán, fi í pamọ́:

```
sudo sysctl -w net.ipv4.ip_local_reserved_ports=40000
```

Kọ ọ́ sínú fáìlì kan lábẹ́ `/etc/sysctl.d/` pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á lọ bí ẹ̀rọ bá kú.

---

Kíákíá_9 · Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹni tó ń ṣe àtúnṣe Ubuntu fúnra rẹ̀, apt, ló wà níbẹ̀. Mo ti fi 40000 pamọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mà.